Bàbá Kọ́pà Ìdí-Ọ̀gànwó

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ambrose Babátọ́pẹ́, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, wọ aṣọ kọ́pà wá sí ìpàdé igbó. Aṣọ kọ́pà tí mò ń wí yìí ni èyí tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì máa ń wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sin ilẹ̀ baba wọn. Ti Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, ni ṣòkòtò kákí náà. Kò kọjá agbedeméjì ojúgun bàbá, bọ́tìnnì rẹ̀ kò sì pàdé, okùn ló fi so ó mọ́ ìdí. Ikùn rẹ̀ yọ lábẹ́ ẹ̀wù funfun. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ dé orúnkún, ó wọ bàtà òjò nítorí pé kò rí bàtà sójà yá, ó dé fìlà kákí lé e. Báyìí ló ṣe wọ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, ó fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì, ó sì gbé ọwọ́ sí iwájú orí.

"Kọ́pà Babátọ́pẹ́ rè é, sà! Mo ti dé fún iṣẹ́ igbó!"

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọ̀, ọ̀gá igbó tí ìjọba rán sí wa, jẹ́ ọmọ Ìkàrẹ́ Àkókó tí kì í rẹ́rìn-ín rárá. Omi ló ń mu lọ́wọ́. Gbogbo omi náà ló fọ́n sára fáìlì rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ di kọ́pà?"

"Ẹ̀yin náà ni." Bàbá fa ìwé kan yọ lápò. Ìwé tí wọ́n fi pè wá sí ìpàdé ni, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, láìsí àmì ohùn, láìsí ẹyọ tó-tó kan lábẹ́ lẹ́tà kankan: IJOBA FE KI GBOGBO ARA ILU KOPA NINU ABOJUTO IGBO.

"'Kópa' ló wà níbẹ̀, Bàbá! Kópa! Pé kí ẹ dá sí i, kí ẹ lọ́wọ́ sí i!"

"Níbo ni àmì wà?" Bàbá na ìwé náà sí i nímú. "Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ní Ọ̀ghọ̀, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àmì. Ẹ̀yin ò fi àmì sí i, èmi sì kà á bó ṣe wà." Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn, bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní ulé, igbó ní ugbó.

"Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ délẹ̀ bí ẹ ṣe kà á yẹn. 'Ìjọba fẹ́ kí gbogbo ará ìlú kọ́pà.' Irú Yorùbá wo nìyẹn?"

"Mo rí i pé ẹ fo 'di' níbẹ̀," ni Bàbá wí. "Mo ti fi orí jì yín."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọ̀ mí kanlẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹni tó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún kò lè ṣe kọ́pà mọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé gbogbo ará ìlú. Ṣé èmi kì í ṣe ará ìlú ni? Ó yá, káǹpù wo lẹ ń kó wa lọ, kí sì ni wọ́n ń sè níbẹ̀?"

Gbogbo gbọ̀ngàn ló ti ń yí gbirigbiri fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí a kì í sọ fún àlejò. Ambrose ló ka ìwé yẹn fún gbogbo abúlé lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, òun nìkan sì kọ́ ló gbà á gbọ́. Nígbà tí ẹ̀rín yẹn ń lọ lọ́wọ́, Baálẹ̀ wa rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga. Bàtà kọ́pà tuntun ló wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti di Bàbá Kọ́pà, orúkọ yìí ló sì ń jẹ́ títí tó fi kú nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí.

Ẹni tí kò bá mọ abúlé wa, ọ̀nà Elegbeka ló wà, tí èèyàn bá ń lọ sí Ìfọ́n. Ìdí-Ọ̀gànwó ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gànwó kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn bàbá wa gé ìdajì, àwa gé ìyókù, a tà á, a fi kọ́ ilé, a sì gbé pátákó sí ẹnu ọ̀nà pé "Ẹ káàbọ̀ sí Ìdí-Ọ̀gànwó". Igbó kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tí à ń pè ní Igbó Orísun, nítorí pé inú rẹ̀ ni odò tí à ń mu ti ń sun jáde. Odò yìí nìkan la ní. Tí igbó yẹn bá lọ, omi náà lọ nìyẹn, gbogbo wa la sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán wa létí.

Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọ̀ bá wá rọrùn. Ìjọba fẹ́ fún wa ní ọdún méjì. Kí a yan ìgbìmọ̀, kí a máa ṣọ́ igbó náà fúnra wa. Tí ọdún méjì bá pé, tí wọn kò sì rí kùkùté kankan tí wọn kò fi hámà ìjọba lù, èyí tí wọ́n fi ń sàmì sí igi tí wọ́n gbà kí a gé, wọn yóò fún wa ní ìwé pé igbó ti di tiwa láti máa bójú tó láéláé. Tí wọ́n bá rí i, tàbí tí àwa fúnra wa bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé e, ọwọ́ onígẹdú ni yóò bọ́ sí. A pàtẹ́wọ́. A máa ń pàtẹ́wọ́ dáadáa ní Ìdí-Ọ̀gànwó.

A yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méjìlá. Baálẹ̀ di alága, èmi tí mò ń kọ èyí sì di akọ̀wé. Ẹ má tíì bọ̀wọ̀ fún mi. Ìjọba fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ òféfèé tó máa ń dán tí iná ọkọ̀ bá tàn sí i, kí wọ́n lè dá wa mọ̀ nínú igbó. A wọ ẹ̀wù náà lọ sí ọjà Ìfọ́n. A wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan nínú wa wọ̀ ọ́ lọ fẹ́ àfẹ́sọ́nà, wọ́n sì gbà fún un. Igbó nìkan ni a kò wọ̀ ọ́ dé.

Irọ́ ni, a wọ̀ ọ́ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ni. Àwa méjèèjìlá rìn dé ẹnu igbó, a tò, a ya fọ́tò, a jẹ ìrẹsì tí ìyàwó Baálẹ̀ sè, a sì padà sílé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé, "Ìgbìmọ̀ yẹ gbogbo igbó wò fínnífínní." Fọ́tò náà ṣì wà lára ògiri gbọ̀ngàn títí dòní. Èèyàn mọ́kànlá ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹnì kejìlá nìkan lẹ ó rí, nítorí Bàbá Kọ́pà ti ń wọ igbó lọ ní tirẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ìjọ Àgùdà, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọba. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi í ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa yẹ rẹ́jísítà wò, kó mọ ọmọ tó wá àti ọmọ tí kò wá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó kó wá sí oko bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò rí àwọn ọmọ tí yóò máa pe orúkọ wọn mọ́, ọwọ́ sì ń yún un. Adétutù, ìyàwó rẹ̀, sọ pé ó máa ń pe orúkọ àwọn adìyẹ kí wọ́n tó wọlé lálẹ́, àkùkọ tó bá sì pẹ́ dé, yóò kọ ìwé fún un pé kó mú òbí rẹ̀ wá.

Nítorí náà, nígbà tó dé inú Igbó Orísun tó sì rí ọ̀pọ̀ igi tó dúró ṣánṣán láìsí ẹni tó ń pe orúkọ wọn, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó lọ ra rẹ́jísítà gígùn méjì ní Ọ̀wọ̀. Ó ka gbogbo igi ńláńlá inú igbó náà, ó jẹ́ mẹ́tàlélógóje. Ó sì rò ó pé bí ìjọba bá ní kí gbogbo ará ìlú kópa, kópa tàbí kọ́pà, orúkọ gbogbo ará ìlú gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ́jísítà. Ó fi orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa sọ igi kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀ ló máa ń lọ pe rẹ́jísítà. Yóò dúró nídìí igi, yóò pe orúkọ, yóò sì fi ohùn tín-ín-rín dáhùn fún igi náà.

"Mo fẹ́ akọ̀wé," ni Adétutù máa ń wí tó bá ń gbé oúnjẹ lọ bá a, "àṣé ọ̀bọ ni n ó bá gbé lọ́jọ́ alẹ́."

Kò sọ ohun tó ń ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyẹn ló dá ọ̀rọ̀ Kúlísúmù sílẹ̀.

Kúlísúmù ni obìnrin tó ń já ewé gbòdògì àti ewé eéran tà fún àwọn ẹlẹ́kọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú igbó, ó ń di ewé, kò rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì rí i. Ló bá gbọ́ ohùn tó le bí ohùn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

"Baálẹ̀!"

Ohùn kékeré kan dáhùn pé, "Mo wà ńbí, sà!"

Kúlísúmù rọ́jú, ó ní bóyá Baálẹ̀ wà nítòsí ni. Ohùn náà tún pe akọ̀wé, akọ̀wé dáhùn. Ó pe ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe fọ́kanáísà ní oríta, òun náà dáhùn pẹ̀lú ohùn kan náà. Kúlísúmù tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ ewé. Ohùn náà sì dákẹ́ díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ìwé.

"Kúlísúmù!"

Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó pariwo láti abẹ́ ewé pé, "Mo wà ńbí, sà!"

Bàbá Kọ́pà, tó ti ya ẹnu láti dáhùn fún igi náà fúnra rẹ̀, gbọ́ tí igi ìdìgbò dá a lóhùn. Ó sọ rẹ́jísítà nù. Bàtà òjò ẹsẹ̀ òsì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ti ọ̀tún bọ́ létí odò. Kúlísúmù gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ sáré wọ abúlé, ó ń kígbe pé iwin ti pe òun lórúkọ. Bàbá gba ọ̀nà òkè sáré wọlé, ó ń kígbe pé igi ti fọhùn. Ọjọ́ ti kanrí kí Baálẹ̀ tó lè so ìròyìn méjèèjì pọ̀.

"Ambrose, ṣé o sá ni?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Èmi? Ṣé ẹni tó ń pe rẹ́jísítà máa ń sá fún ọmọ tó bá dáhùn ni? Mo wá mú ìròyìn wá sí ulé ni."

Báyìí ni àṣírí rẹ́jísítà ṣe tú. Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwa tí a kò dé inú igbó rí ni a wá ń jà lórí igi tó jẹ́ tiwa. Inú bí Baálẹ̀ pé arère ni wọ́n fún òun, igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àpótí, nígbà tí wọ́n fún Kúlísúmù ní ìdìgbò. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé tirẹ̀ sún mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà kí àwọn èèyàn lè máa rí i. Èmi náà lọ bá a, mo ní igi ìtá tó fún mi ti tẹ̀, kò sì nípọn.

"Igi tó bá ìwà oníkálukú mu ni mo fún un," ni Bàbá wí, ó sì ti ìwé náà pa.

Adétutù alára, pọ̀npọ̀là ẹlẹ́gùn-ún ló fún un. Ìyá náà bi í nídìí rẹ̀ níwájú gbogbo wa.

"Kí n lè máa rántí pé kí n má sún mọ́ ọn jù tí inú bá ń bí i," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Ó jẹ iṣu gbẹrẹfu fún ọjọ́ mẹ́ta.

A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kí igi ní ọ̀nà oko pé, "Ẹ káàárọ̀, Baálẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lásán la kà á sí, àfi ìgbà tí Sàlàkọ́ dé.

Onígẹdú ni Sàlàkọ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì mọ ilé Baálẹ̀ láìbéèrè. Ogún igi péré ló ní òun fẹ́ nínú Igbó Orísun. Ó ti lọ fi ọ̀dà pupa sàmì sí wọn. Tí ìgbìmọ̀ bá ti nawọ́ sókè tí alága sì fọwọ́ síwèé, òun yóò fi páànù tuntun bo orí gbọ̀ngàn, òun yóò sì fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìdì páànù tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ páànù yìí, ó wọ̀ wá lára. Ilé mi ń jò nígbà náà. Ilé ta ni kò jò?

A pe ìpàdé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọ̀ wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ kò dùn.

"Òfin sọ pé ará ìlú ló ni ìpinnu," ni ó wí. "Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, èmi ò lè dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ìwé igbó nìyẹn. Ogún lónìí, ìyókù lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ sì bá mi kí odò yín pé ó dìgbà o."

Baálẹ̀ wú ikọ́, ó ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Ọwọ́ mọ́kànlá ló lọ sókè. Tèmi wà níbẹ̀, ó sì ga.

Bàbá Kọ́pà kò bínú. Kò bẹ̀ wá. Ó dìde, ó gbé awò sójú, ó ṣí rẹ́jísítà lé orí tábìlì, ó sì mú bírò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ àwọn tí n ó yọ orúkọ wọn kúrò. Igi kìíní tí Sàlàkọ́ kùn lọ́dà, arère létí odò. Baálẹ̀ ni. Wọn ó gé Baálẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Kí lo wí?" Baálẹ̀ fò dìde.

"Baálẹ̀ náà ló nawọ́, kì í ṣe èmi. Tí wọ́n bá ti gé wọn lulẹ̀, wọn ó kọ́kọ́ gé orí wọn sọ nù, torí orí ò wúlò fún pákó. Wọn ó wá la Baálẹ̀ sí méjì, sí mẹ́rin, sí..."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Ìyàwó Baálẹ̀ ká ọwọ́ lérí.

"Ọjọ́ Túsìdeè, wọn ó gé akọ̀wé. Kò ní pẹ́ rárá, kò nípọn."

N kò mọ ìgbà tí mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo ṣáà rí i lórí itan mi.

Ó ń kà á lọ, orúkọ dé orúkọ, ọjọ́ dé ọjọ́, ó ń bi wá bóyá aago mẹ́jọ àárọ̀ ló wù wá tàbí ọ̀sán. Ọwọ́ ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kúlísúmù, tí kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i kí wọ́n gé òun, òun yóò kọ́kọ́ fi àdá ewé òun kí i nílé.

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Igi ni! Igi lásán!"

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Bàbá wí. "Igi lásán ni. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ìrókò tí ẹ fi àmì méjì sí, mo kọ orúkọ yín sí i lánàá, èyí tí ìyá yín sọ yín. Ẹ kàn fi ẹnu ara yín pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ yín níbí yìí. Ẹ ní, 'Lọ gé Sàlàkọ́.' Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Sàlàkọ́ ya ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún un yà. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹ̀rọ ìgégi lé èjìká, ó ń wo ẹnu ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó rọra gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ má bínú," ni ó wí, "èmi ò ní lè gé yín o."

Bí ọ̀rọ̀ páànù ṣe tán nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìfẹ́ igbó ló yí wa lọ́kàn padà, tàbí ìfẹ́ odò, tàbí ti àwọn ọmọ wa. Ẹ̀rù ló bà wá. A ti ṣe tán láti ta omi tí à ń mu, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí wọ́n fi ẹnu burúkú kàn wá lára nígbà tí à ń tà á. Baálẹ̀ bínú tó bẹ́ẹ̀ tó fi òfin de Bàbá Kọ́pà pé kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé fún oṣù mẹ́ta. Bàbá gbà. Ó ń wá sí gbogbo ìpàdé, ó ń jókòó síwájú, tí ẹnikẹ́ni bá sì ti dárúkọ igi, yóò rọra ṣí rẹ́jísítà. Ìpàdé wa kò gùn mọ́ nígbà náà.

Oṣù kìíní ọdún yìí ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Ọyẹ́ ń mú gan-an, wọ́n sì ní kó má jáde. Adétutù ló sọ èyí fún wa lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní láràárọ̀ ni ọkùnrin náà ń bi òun ní ìbéèrè kan náà.

"Ta ló lọ sí ugbó lónìí?"

"Gbogbo wọn ló lọ," ni ìyá máa ń dá a lóhùn. "Baálẹ̀ ló ṣáájú."

Yóò rẹ́rìn-ín, ikọ́ yóò sì dá ẹ̀rín náà dúró. "Màmá Moyin, ẹ̀yin náà mọ irọ́ í pa."

Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá àìsàn náà. A gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, a sin ín sí ibi tí àwọn ará ìjọ Àgùdà ń sin òkú wọn sí. Gbogbo ìgbìmọ̀ wọ ẹ̀wù tó ń dán lọ síbẹ̀. A sọ̀rọ̀ dídùn nípa rẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a jẹun, a sì padà sílé. Kí a má parọ́, ó kọ́kọ́ rọ̀ wá lọ́rùn pé kò sẹ́ni tí yóò máa ṣí rẹ́jísítà sí wa mọ́.

Ní oṣù kejì, ọdún méjì pé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọ̀ gbé ìwé náà dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lára rẹ̀. Nǹkan kan ló kù: òun àti ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ rin ààlà igbó náà po, kó lè rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí kùkùté, lẹ́yìn náà ni yóò tó fọwọ́ síwèé.

"Ó yá," ni ó wí, "ta ló mọ ààlà?"

Baálẹ̀ wo mí. Mo wo ẹni tó tẹ̀ lé mi. Ẹni yẹn wo ilẹ̀. Ọdún méjì gbáko, ìwé ìpàdé mẹ́rìnlélógún, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ "fínnífínní" sí, kò sì sí ẹnì kan nínú wa mọ́kànlá tó mọ ibi tí igbó wa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Adétutù ló gbà wá. Ó ní ibi tí òun ti máa ń gbé oúnjẹ pàdé rẹ̀ nìkan lòun mọ̀, ṣùgbọ́n kí a tẹ̀ lé òun. Ó mú wa dé ẹ̀yìn odò, ó fi ọwọ́ hàn wá. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀. Kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ ti le, koríko kò hù lójú rẹ̀, ó sì yí igbó náà po, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Níbi tó gbé ga jù, ó ti fi ọkọ́ gbẹ́ àtẹ̀gùn sí i. Níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó ti to òkúta. A kò lè rìn ní ẹgbẹ́ ara wa. A tò, a ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń mí hẹlẹ. Wákàtí mẹ́ta ló gbà wá. Kùkùté kankan kò sí.

Ní ìdajì ọ̀nà, Baálẹ̀ jókòó lórí òkúta, ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé ojoojúmọ́ ni bàbá yìí ń rin gbogbo èyí?"

"Àfi ọjọ́ Sọ́ńdè," ni Adétutù dáhùn.

A tún tò, a sì rìn títí a fi jáde. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí wọn kò ti rí mi. Mo rò pé Baálẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó pẹ́ kó tó tẹ̀ lé wa. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà lórí orúnkún rẹ̀ létí odò. Igbó Orísun ti di tiwa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ìrì tó gbẹ, mo dìde. N kò sọ fún ìyàwó mi. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ti pinnu láti ní ewúrẹ́ mi kan ló sọ nù. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn odò, mo bá Baálẹ̀ níbẹ̀, ó dúró, ó di ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní òun ń wá orín tí òun máa rún. Kúlísúmù wà nítòsí, ó ní ewé ni, ṣùgbọ́n kò mú àdá lọ́wọ́. Ẹni méjì mìíràn nínú ìgbìmọ̀ yọ láti ẹ̀yìn igi, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá.

A wo ara wa fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà Baálẹ̀ ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ṣáájú, a sì tẹ̀ lé e wọlé. A rìn ín po. Nígbà tí a fi máa padà dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ wa ti tẹ koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà mọ́lẹ̀, ó sì ti fẹ̀ díẹ̀ sí i.